Àdírẹ́sì Mẹ́tàlá Tí Bong-Io Fi Sílẹ̀

Láti ọjọ́ tí Khim ti ti ilé ìwòsàn dé ni àga rẹ̀ kò ti gbé ojú kan mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí òun lè máa rí àwọn tó ń kọjá. Kò ní pẹ́ tí á ní atẹ́gùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ó di ilé ìdáná. Ní ilé ìdáná, òórùn atalẹ̀ ń ta á nímú, ó di iwájú pẹpẹ, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú ìdílé Gan, ìdílé ọkọ rẹ̀, sí lára pákó. Á jókòó síbẹ̀, á máa wo pákó náà bí ẹni ń wo aládùúgbò tó bá a jà lánàá, lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n gbé òun padà sí ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló pé. Dókítà ti pe Bi-ha, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sí kọ̀rọ̀, ó ní ọkàn ìyá náà ti rẹ̀ gan-an, pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ dọ̀la.

Bi-ha ló ń gbé àga náà. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti fi ẹ̀yìn tì níbi tó ti ń rán aṣọ iléèwé, orúnkún sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n òun náà kì í jókòó. Bí kò bá ń gbá ilé, á gun alùpùpù rẹ̀, á yí ìlú Ko-hiong po láti lọ ra ẹja kan ṣoṣo tó wà ní òpópónà kejì. Ìran wọn ni, wọn ò mọ ìjókòó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tí gbogbo ìlú máa ń lọ tún sàréè ṣe pé, ni Khim fi ọwọ́ gbá apá àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá mi ńkọ́?"

Bi-ha rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni ní ìyá òun, àfi ìyá ọkọ. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: Bong-Io ni obìnrin náà ń jẹ́, atukọ̀ kan ló bá sá lọ ní ìlú Kagi nígbà tí Khim wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá Lim, ìyá bàbá Khim, ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló sì sọ ìtàn náà fún un, ó ń sọ ọ́ ní àràárọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn aràn. Khim gbé e mì, kò bi í.

"Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa wọn, Màámi?"

"Àwọn wo ni 'wọn'? Ta lò ń bọ̀wọ̀ fún?" Khim yínmú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó sá ni, àbí wọ́n lé e. Tó bá sá, kí ebi máa pa á níbi tó wà, mi ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n lé e, a jẹ́ pé èmi ni mò ń febi pa ìyá mi láti ọjọ́ yìí."

Bi-ha mọ ohun tó ń sọ. Òkú tí kò ní orúkọ lórí pẹpẹ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí í gbé abọ́ ìrẹsì ka iwájú rẹ̀ nígbà ọdún. Orí ìrìn ló máa ń wà. Ọdọọdún ni Khim fúnra rẹ̀ ń se adìẹ, tó ń se ẹlẹ́dẹ̀, tó ń bọ́ àwọn òkú Gan tí kò mọ̀ rí, tí kò sì bù ṣíbí kan fún ẹni tó bí i.

Bi-ha ní òun á lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé agboolé, nítorí gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní erékùṣù yìí láti ayé tí àwọn ará Japan ti ń ṣàkóso rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ lábẹ́ baálé rẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù wálé kí ìyá rẹ̀ buwọ́ lù ú. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìbátan, Khim ti bírò dànù.

"Má kọ tèmi síbẹ̀. Èmi ò bá a tan. Ìwọ tó ń ṣe aájò, kọ tìrẹ."

Bi-ha fẹ́ béèrè pé ta ló rán òun níṣẹ́ aájò ọ̀hún. Ó gbé e mì. Ó kọ "ọmọ-ọmọ" síbẹ̀, ó gun alùpùpù.

Lójú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ kan ti gún un lọ́kàn, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iná pupa kọjá. Kagi kò ní èbúté. Inú ilẹ̀ ni Kagi wà, lẹ́bàá òkè, pákó ni wọ́n ń là níbẹ̀. Odindi ọgọ́rin ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí atukọ̀ wá ṣe láàárín ìdí igi.

Obìnrin tó jókòó sí fèrèsé kẹta ń jẹ́ Siau. Ó fi okùn so dígí ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí Bi-ha dárúkọ Bong-Io, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ orúkọ yẹn la máa fi wá a, ẹ lọ gbé ẹní yín wá. Ilé wo ni kò ní Bong-Io nígbà yẹn? Ta ni baálé rẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "ẹ jẹ́ ká kàn máa tọ́ ọ ná", ohun tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin nígbà tí wọ́n ti ń retí ọkùnrin. Wọ́n tẹ́ńbẹ́lú ọmọ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì tún fi í pamọ́ sábẹ́ orúkọ ọkùnrin, tó jẹ́ pé bí o kò bá mọ ọkùnrin, o kò lè rí obìnrin. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye Bong-Io tó sọnù síbẹ̀. Bi-ha dárúkọ bàbá ńlá rẹ̀, Lim Thian-lok, oníṣòwò pákó. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan tí ìwé náà fi jáde, ọ̀rọ̀ dúdú tí wọ́n fi gègé kọ, wínníwínní bí ìdin.

Siau fi ìka tọ́ ọ. Baálé Lim Thian-lok: wọ́n sàmì sí i pé ó ń fa òpíọ̀mù. Bi-ha ya ẹnu, nítorí bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé, ọkùnrin náà kò mu ju tíì lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Lim: wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ ní kékeré kó má bàa gùn, wọ́n sì ti tú u. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀, Bong-Io. Wọ́n bí i ní 1909 ní Po-te, ìlú àwọn oníyọ̀ létí òkun. Wọ́n ti fún un ní àjẹsára. Ó wọ agboolé Lim ní ọmọ ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń tọ́ láti fi ṣe ìyàwó ọmọ wọn. Ní 1927, ó di aya ọmọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré. Ní 1935, ó bí Khim. Ní 1938, ọkọ kú. Ní 1939, wọ́n fa igi pupa lé orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó ti padà sínú ìwé agboolé tí wọ́n ti bí i.

"Ṣé ibi tó ti sá nìyẹn?" Bi-ha béèrè.

Siau ní òun ò mọ èyí tó sá, ohun tí òun mọ̀ ni pé baálé ló gbọ́dọ̀ tẹ èdìdì orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó lè fa irú igi bẹ́ẹ̀.

Bi-ha sáré délé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó rò pé ó ti parí. Khim gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sí ẹnu ọ̀nà, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí wọ́n gbé e padà. Ó ní ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ti sá náà, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Níbo ló lọ?

"Pátápátá là á fọ́jú," ó ní. "Padà lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, Bi-ha padà sí fèrèsé kẹta. Siau ti ń retí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe bí ẹni tí kò retí. Ó ti wá ìwé agboolé ẹ̀gbọ́n Bong-Io jáde, ọkùnrin oníyọ̀ kan ní Po-te. Orúkọ Bong-Io wà ní ìparí pátápátá, lẹ́yìn àwọn ọmọ, lẹ́yìn ìyàwó ọmọ, bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Wọ́n sì kọ lẹ́ta kékeré sí i: kò gbé ibí, ayálégbé ni ní Kagi.

"Kagi náà?" ni Bi-ha sọ. "Kí ló tún ń wá ní Kagi?"

Ìwé àwọn ayálégbé ni Siau nà sí i, mẹ́sàn-án, láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Yàrá kan lọ́dọ̀ opó tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà. Òkè ilé ìfọṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kó pákó sí. Bi-ha ń kà á, inú ń bí i díẹ̀díẹ̀, nítorí ó dà bíi pé ara rẹ̀ ni òun ń wò. Ó ní obìnrin náà kò lè jókòó síbì kan, bóyá lóòótọ́ ló bá ọkùnrin sá, bóyá ju ọkùnrin kan lọ.

Siau yọ dígí ojú rẹ̀ kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo déètì. Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò kó lọ síbì kankan tí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé kó tó lọ sọ. Ọlọ́pàá ló ń tọ́jú ìwé yìí nígbà yẹn o, ọlọ́pàá Japan. Ìdajì àwọn ayálégbé ló ń sá fún wọn. Obìnrin tí kò mọ̀wé, tó lọ tò sórí ìlà ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, tó ń tẹrí ba pé ibi báyìí ni mo wà o." Ó fi ìka lu ìwé náà. "Ẹni tó ń sá kì í lọ sọ ibi tó wà fún ọlọ́pàá. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ojú ti Bi-ha. Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ fún òun.

Ó tẹ́ máàpù Kagi sórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì fi bírò pupa sàmì sí àdírẹ́sì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán níwájú ìyá rẹ̀. Ó sàmì sí ilé Lim àti ọgbà pákó wọn. Kò sí ibì kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí èèyàn kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Lim kí tíì tó tutù. Khim tẹjú mọ́ ọn. Ó fi èékánná tọ òpópónà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, òpópónà tí ó ń gbà lọ sí iléèwé. Ó ní òun mọ ilé ìfọṣọ yẹn. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kọjá níbẹ̀, ṣe ni Ìyá Lim máa ń fa òun lọ́wọ́, tó fi ẹsẹ̀ tí wọ́n ti dì rí yẹn yára bí ẹni tí ajá ń lé, òun sì rò pé òórùn ọṣẹ ni kò fẹ́.

Bi-ha ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n lé e, ó tó. Khim ní kò tó.

"Ó kú ní Kagi, àbí? Ó kú kí n tó lọ́kọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìdí nìyẹn tí kò fi wá." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. "Lọ wò ó fún mi."

Nítorí bí Bong-Io bá ti kú tipẹ́, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni àfi Ìyá Lim, ìyẹn náà sì ti jẹrà. Ohun tí Khim ń retí nìyẹn, Bi-ha náà ń retí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ń yí kiri inú ilé kó tó lè lọ, ó gbá ilẹ̀ tó ti mọ́, ó ra ẹja tẹ́nì kan ò fẹ́ jẹ.

Ìwé tí ìjọba tuntun kọ lẹ́yìn ogun kò ṣòro láti kà. Bong-Io kò kú ní Kagi. Ó tún kó lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ó ń rán aṣọ fún àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tí Siau kà sókè, tó sì tún kà: ní 1957, ó kó wá sí Ko-hiong. Khim lọ́kọ sí Ko-hiong ní 1956. Ní 1958, ó tún kó, láti ìsàlẹ̀ èbúté wá sí Ọ̀nà Tóóró Keje. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1961.

"Ẹ mọ ibẹ̀ ni?" ni Siau béèrè, nítorí ojú Bi-ha ti yí padà.

Ọ̀nà Tóóró Kẹsàn-án ni wọ́n ti bí Bi-ha, ní 1959. Òdìkejì títì ni Ìkẹjọ wà, nítorí náà láàárín méjèèjì, odi kan ló wà àti kànga kan tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó gbàgbé akoto rẹ̀ sórí fèrèsé, Siau ló sáré tẹ̀ lé e dé ìdí alùpùpù. Ó ti fi fọ́ọ̀mù kan sínú akoto náà. Ó ní wọ́n ti hú òkú inú itẹ́ òkú àdúgbò yẹn tipẹ́, pé egungun àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá wà nínú ìkòkò nínú ilé kan lórí òkè, pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí ará ilé bá kọ̀wé, wọ́n á gbé e fún wọn.

Bi-ha bá ìyá rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn kà á bó ṣe wà: ọdún, ọ̀nà tóóró, iṣẹ́, ọjọ́ ikú. Khim kò ní kí wọ́n gbé àga òun.

"Iyọ̀," ó ní.

"Ẹ wí kí ni, Màámi?"

Ó wá ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn. Nígbà tí Bi-ha pé oṣù kan, gbogbo aládùúgbò ló ń retí ẹrù tí ìyá ìyàwó máa ń gbé wá fún ọmọ: fìlà, bàtà, ọ̀já tí wọ́n á fi pọ̀n ọ́n. Ìyàwó tí ẹrù yìí kò bá wá fún, wọ́n á fi ṣe ẹlẹ́yà títí. Khim kò ní ẹni tó máa gbé e wá, ó ti sunkún tán sínú yàrá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn tí wọ́n bá ìdì pupa lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, ọ̀já sì wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ rán. Khim rò pé ìyá ọkọ òun ló rọra gbé e síbẹ̀ kí ojú má bàa ti ìyàwó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìyá ọkọ kò sọ pé òun ni, kò sì sọ pé òun kọ́. Ó gba ọpẹ́ náà, ó sì ń gbà á lọ títí ó fi kú, ọgbọ̀n ọdún gbáko, obìnrin tí kò fún Khim ní abẹ́rẹ́ rí.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ ọ̀já yẹn, iyọ̀ àti ìrẹsì bọ́ láti etí rẹ̀. Ẹnì kan ti rán an mọ́ ibẹ̀ láti fi dáàbò bo ọmọ. Mo bi ìyá ọkọ mi pé, 'Ẹ ṣeun mà, iyọ̀ yìí ńkọ́?' Ó ní, 'Iyọ̀ wo?' Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà á láàmú." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ta ló tún máa rántí iyọ̀, bí kì í ṣe ọmọ Po-te?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiwọn yìí ti lé ní ọgọ́rin kí òtítọ́ tó bá a. Bi-ha lọ ṣí àpótí, ó mú ọ̀já náà wá, nítorí wọn kò sọ ọ́ nù, òun náà ti fi pọn ọmọ tirẹ̀. Etí rẹ̀ kan ṣì ní ojú ìránṣọ tó ti tú. Khim gbé e lé itan, ó ń fi àtàńpàkò tẹ ibẹ̀.

Bi-ha béèrè bóyá obìnrin náà wọlé rí. Khim ní òun ò mọ̀. Obìnrin pọ̀ ní kànga. Ọ̀kan wà tó máa ń bá òun fa okùn nígbà tí oyún wúwo, kì í sọ̀rọ̀, òun ò sì bi í lórúkọ. Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́. Ìwé kò lè sọ ìyẹn.

"Gbé fọ́ọ̀mù ìkòkò yẹn wá."

Bi-ha ti kọ ọ́ lójú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìbátan, ó ti kọ "ọmọ-ọmọ". Khim gba bírò, ó wọ́ ara rẹ̀ síwájú lórí àga, ó fa igi lé e. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ yọ: ọmọ. Ó ní kí wọ́n mú èdìdì òun wá láti inú àpótí, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbi tó fagi lé gan-an bí òfin ṣe wí.

"Màámi, wọ́n á béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi yí i padà."

"Sọ fún wọn pé mo pẹ́ dé ni."